Orí Télọ̀ Ni, Àbí Kílípà Onígbàjámọ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró síbẹ̀, ẹ ká ìwé yìí kò ná. Tí wọ́n bá bi yín pé ta ló sọ fún yín, ẹ dákun, kì í ṣe èmi.

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé, fìlà sì bò ó dé etí. Télọ̀ ni. Onígbàjámọ̀ tẹ̀ lé e. Èmi akọ̀wé wà ní kọ̀rọ̀ mi, mo di bírò mú.

"Télọ̀, kí ló dé?" Baálẹ̀ béèrè.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Ọkùnrin yìí gé irun mi, ọ̀tún ga, òsì relẹ̀. Mo bá lọ sórí ayélujára, níbi tí wọ́n ti ń sọ bí ṣọ́ọ̀bù ṣe rí. Mo fún un ní ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé irun tó gé fún mi wọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọ̀tún Baálẹ̀ ní, "Ìwọ lo wá ni ìràwọ̀ tó o fi ń tọrẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, bàbá. Èsì tó fún mi ló dùn mí."

Baálẹ̀ ní kí n gba fóònù onígbàjámọ̀, kí n ka èsì náà sókè. Mo kà á:

"'Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú nítorí orí yín. Irun tí a gé tọ́. Orí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò tọ́. Àwòrán mẹ́fà rèé fún ẹ̀rí. Inú wa yóò dùn láti tún rí yín.'"

Ìgbìmọ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

"Àwòrán kẹfà, ó fi rúlà ti orí mi," télọ̀ ní. "Látìgbà náà, àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kì í kó aṣọ wá mọ́. Orí ni wọ́n ń wá wò. Ẹ bá mi ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ pa."

Onígbàjámọ̀ dọ̀bálẹ̀. "Baálẹ̀, ọmọbìnrin mi tó ń kàwé ló kọ́ mi. Ó ní bí oníbàárà bá bú mi níbẹ̀, kí n má bú u padà. Kí n dúpẹ́, kí n tọrọ àforíjì, kí n ṣàlàyé, kí n pè é padà. Èwo ni mo fò níbẹ̀?"

"Ta ló ní kó o tọrọ àforíjì nítorí orí mi? Ìwọ lo dá a?"

"Ká ní èmi ni mo dá a ni, ì bá tọ́."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n dákẹ́.

"Ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ni mo ní, Baálẹ̀," onígbàjámọ̀ ní. "Ọdún méjìlélógún. Látìgbà tí ìràwọ̀ kan yẹn ti já lù mí, eṣinṣin nìkan ló ń jókòó lórí àga mi. Bí ẹ bá tì í pa, mo gbé."

Wọ́n pe ìyàwó télọ̀.

"Ṣé orí ọkọ rẹ tọ́?"

"Ó tọ́ bí ọfà, Baálẹ̀."

"Bó bá dé fìlà, ibo ló ń yẹ̀ sí?"

"Òsì. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń bá a tún un ṣe. Àmọ́ fìlà ni kò tọ́."

"Ta ló rán fìlà ọ̀hún?"

Ó wo ọkọ rẹ̀. "Òun náà ni."

"Ìyàwó mi," télọ̀ ní, "jókòó."

Káfíńtà kan dìde láàárín èrò, ó ní òun wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ náà, òun fojú ara òun rí i pé kílípà ló yẹ̀.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń dúró de ìgbà tó máa kàn mí. Mo ń sùn."

"O ń sùn, o sì rí i?"

"Ojú kan ni mo fi ń sùn, Baálẹ̀."

Baálẹ̀ wúkọ́. Ó ní, "Ó dára. Onígbàjámọ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ..."

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kì í ṣe orí télọ̀ nìkan ni mo ya àwòrán rẹ̀. Gbogbo orí tó bá jókòó sórí àga mi ni mo máa ń yà kí n tó fọwọ́ kàn án, nítorí ọjọ́ ẹjọ́. Ọdún méje rèé. Inú fóònù tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé yẹn ni gbogbo wọn wà."

Ọ̀tún Baálẹ̀ rọra fọwọ́ kan fìlà rẹ̀. Òsì Baálẹ̀ fọwọ́ kan tirẹ̀.

Àtàǹpàkò mi ló fa èyí tó kù. Ó yọ̀ lójú fóònù. Àwòrán kan ṣí. Mo mọ etí yẹn. Mo mọ àpá ẹ̀yìn ọrùn yẹn. Orí ọ̀hún wáá... ẹ jẹ́ n fi í síbẹ̀.

Mo gbójú sókè. Baálẹ̀ ń wò mí. Mo da fóònù dojú bolẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́," Baálẹ̀ ní. "Orí kankan ò wọ́ nílùú yìí. Kílípà ò sì yẹ̀. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àga onígbàjámọ̀ ni kò tẹ́, òun ló jẹ̀bi. Kí wọ́n na ilẹ̀ náà ní ẹgba méjìlá. Káfíńtà tó ń fi ojú kan sùn ni kó nà án, kó máa kà á sókè, kó sì gé ẹsẹ̀ àga náà kó dọ́gba. Onígbàjámọ̀, yọ àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'Ẹ ṣeun, a ti ń tún ilẹ̀ ṣe.' Má fi nǹkan kan kún un. Télọ̀, fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin tó kù, kó o sì máa gérun lọ́dọ̀ rẹ̀ títí tí wàá fi pá lórí."

"Àwọn àwòrán yòókù ńkọ́, Baálẹ̀?" onígbàjámọ̀ béèrè.

"Àwòrán wo?"

"Kò sí, Baálẹ̀."

Wọ́n túká. A ń gbọ́ ohùn káfíńtà lókèèrè: ẹẹ́ta, ẹẹ́rin. Èmi náà ti dìde, Baálẹ̀ bá pè mí.

"Akọ̀wé, kí lo rí nínú fóònù yẹn?"

"Ilẹ̀ ni, Baálẹ̀. Kò tẹ́."

"Kí ló tún kù?"

Mo pa ìwé mi dé. Mo fi bírò sápò.

"Baálẹ̀, ó tán lẹ́nu mi. Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́."