Bí Ẹ̀wà Yunifásítì Ṣe Kó Mi sí Wàhálà ní Tchaourou

Títí wọ́n á fi gbé mi sin, ọjọ́ tí mo ka ìwé ìròyìn ilé ẹ̀kọ́ wa sétí àwọn ará Tchaourou ò lè kúrò lọ́kàn mi. Àwọn tó wà níbẹ̀ náà ò gbàgbé, wọn ò sì jẹ́ kí n gbàgbé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì àwọn fadá dé nígbà náà, ní orílẹ̀-èdè kan tí mi ò ní dárúkọ. Ìtàn ni mo kọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń yangàn ni pé èmi ni olóòtú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má rò pé ìwé ìròyìn ńlá ni o. Ẹ̀rọ tí à ń fọwọ́ yí la fi ń tẹ̀ ẹ́, yíǹkì rẹ̀ a sì máa ta sí wa láṣọ ju bó ṣe ń mú bébà lọ. Síbẹ̀, lójú tiwa, bí a bá ti kọ àròkọ kan, ìjọba ti mì tìtì nìyẹn. Nígbà tó yá, ìjọba ibẹ̀ gba yunifásítì lọ́wọ́ ìjọ, wọ́n ń kó ìwé àwọn fadá dà síta. Fadá arúgbó tó ń tọ́jú ilé ìkàwé bá pè mí. Ó kó gbogbo ẹ̀dà ìwé ìròyìn wa, láti èyí àkọ́kọ́ dé èyí tí èmi tẹ̀ kẹ́yìn, sínú páálí kan, ó ní kí n gbé e lọ sílé, kí n tọ́jú rẹ̀, kí n sì kọ ìtàn rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

“Bí èyí bá sọnù,” ó ní, “kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ ronú rí níbí.”

Orí mi wú bíi ti ẹni tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù.

Bí mo ṣe gbé páálí sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Tchaourou, ìlú wa, Rẹfolúṣọ̀n, ìjọba tuntun tó fẹ́ yí gbogbo nǹkan padà, ló pàdé mi. Kí n tó rìnrìn àjò, “ẹ kú àbọ̀” là ń kí ara wa. Ní báyìí, ẹni tó bá rí ọ á na ìkúùkù sókè, á bi ọ́ bóyá o ti ṣetán, ìwọ náà á dáhùn pé ìjà ń tẹ̀ síwájú, kódà bó jẹ́ pé oorun lò ń lọ sùn. Tonton Sábì, ọ̀rẹ́ bàbá mi, ti di delegé, òun ni olórí kọmitẹ́ ìlú. Ó ní kí n tú ẹrù mi. Bó ṣe rí àgbélébùú lórí bébà òkè, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, nítorí lásìkò yẹn, ohunkóhun tó bá ti ní àgbélébùú lára, ẹrù ọ̀tá ni. Ó bi mí pé kí nìyí.

Ẹni tó gbọ́n á ní ìwé àtijọ́ ni. Èmi gbáyà sókè. “Ìwé ìjà ni, Tonton. Òun làwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bá àwọn aninilára jà.”

Ojú rẹ̀ tún là. Ó ní irú mi gan-an ni kọmitẹ́ ń wá. Ó ní kí n wá ka ìjà náà fún gbogbo ìlú ní Sátidé.

Nílé, Tata Mónì, àbúrò ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, yọjú wo inú páálí. Ó ní rédíò lọmọ ẹlòmíì ń gbé ti ìrìn àjò bọ̀, èmi wá lọ kó bébà tí wọ́n ti kọ nǹkan sí kún. Ó ní ṣé ó tiẹ̀ ṣeé fi wé iyọ̀? Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kíá.

Mo jókòó sábẹ́ máńgòrò, mo ń wá ìjà tí mo máa kà. Mo wá a títí. Mo rí ewì fún Màríà Wúńdíá. Mo rí ìròyìn bọ́ọ̀lù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Mo rí àròkọ gígùn gbọọrọ lórí agogo tí wọ́n fi ń jí wa láàárọ̀ tó ń tètè lù jù. Ọ̀gá tí a sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀gá ilé ìdáná ni. Nígbàkígbà tí ìjọba ibẹ̀ bá sì hùwà ìkà, ìwàásù lórí sùúrù ni ìwé ìròyìn wa máa ń gbé jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Àròkọ kan ṣoṣo ló gbóná, tèmi ni, ó sì dá lórí ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ. Mo mú un. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Ní Sátidé, ìta gbangba kún. Àwọn àgbẹ̀ ti Goro wá, ti Alafiarou náà wá. Mo kọ́kọ́ ka Faransé, wọ́n kàn ń wò mí ni. Mo bá yí i sí èdè wa.

“Ẹ wo ẹ̀wà tí wọ́n fi ń bọ́ wa,” mo kà á jáde, “kòkòrò inú rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀wà lọ. Àwọn tó sì ń wàásù ìfara-ẹni-rúbọ fún wa, ẹran ló kún ìkòkò tiwọn.”

Obìnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ni ẹ̀rín bá ràn bí iná ọyẹ́. Mo rò pé ẹnu mi ló dùn, mo tún gbé ohùn sókè. N kò mọ̀ pé kọmitẹ́ ti kó gbogbo ìlú lọ gbin ẹ̀wà sóko àjùmọ̀ṣe lọ́nà Goro lọ́dún yẹn, pé wọ́n ti ìkórè mọ́ yàrá kọmitẹ́ títí kòkòrò fi jẹ ẹ́ tán, àti pé òórùn ẹran ìgbẹ́ kì í wọ́n nílé Tonton Sábì. Bàbá Mùmúnì, àgbẹ̀ àgbà kan láti Alafiarou, dìde jẹ́jẹ́.

“Ọmọ mi,” ó ní, “a ò mọ̀ pé òkìkí ẹ̀wà wa ti dé ìlú òkèèrè.”

Mo wo Tonton Sábì. Kò rẹ́rìn-ín.

Inú ọ́fíìsì kọmitẹ́ ni mo bá ara mi. Ẹ̀sùn wọn ni pé àwọn fadá ló rán mi wá ba Rẹfolúṣọ̀n jẹ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí ẹ̀wọ̀n ní Parakou. Tata Mónì ló gbà mí. Ó kúnlẹ̀, ó ní mi ò kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni, òmùgọ̀ lásán ni mí, òun tóun tọ́ mi lè jẹ́rìí. Ìgbèjà yìí wọ̀ wọ́n lọ́kàn ju bó ṣe tọ́ lọ. Wọ́n ní kí n wá ṣe otokritíkì, kí n fẹnu ara mi dá ara mi lẹ́bi lójú gbogbo ìlú. Mo dúró, mo kéde pé ẹ̀wà kọmitẹ́ dára, kò ní kòkòrò kankan. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Páálí mi ní tirẹ̀, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e, wọ́n ní ẹ̀rí ni.

Ọdún gorí ọdún, ó rẹ Rẹfolúṣọ̀n, ó wó. Mo béèrè ìwé ìròyìn wa ní yunifásítì, wọ́n ní ewé kan ò kù. Ìwọ̀nba tí mo yọ sínú àpò mi kí wọ́n tó gba páálí, ikán ti fi ṣoúnjẹ. Mo fi ìtìjú tọ Tonton Sábì lọ, ó ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe. Ó wọlé, ó gbé àpótí irin kan jáde. Gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀, ó fi ọ̀rá wé e, ó fi káńfọ̀ sí i kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, ó tò ó bí ọdún wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Ó ní ẹ̀rí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré. Ó sì ti kà á tán.

“Ẹ̀wà yẹn,” ó bi mí, “ṣé wọ́n padà pààrọ̀ rẹ̀ fún yín?”

Mo ní rárá.

Ó mi orí tàánútàánú. “Àwọn olórí yín yẹn burú o.”

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé bí o bá fẹ́ kí ohun tí o kọ pẹ́ láyé, má fi fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ. Wá ẹni tó rò pé ò ń dìtẹ̀, kó ìwé rẹ sínú ilé rẹ̀, kí o sì lọ sinmi. Mo gbé àpótí lérí, mo ń dá rẹ́rìn-ín lọ lójú ọ̀nà bí ayírí. Nínú gbogbo ayé, Tonton Sábì nìkan ló ka gbogbo ohun tí mo kọ tán.