Òdòdó Pálọ̀ Àyúbà

Àyúbà ará Ìsẹ́yìn kì í ra ohun tí aládùúgbò rẹ̀ bá ní. Tábìlì onígíláàsì ló wà nílé rẹ̀, orí ilẹ̀ ló sì ti ń jẹun kí gíláàsì má baà fọ́. Nígbà tó wá gbọ́ pé àwọn èèyàn ńlá n'Ìbàdàn ti ń gbin òdòdó sínú pálọ̀, oorun dá lójú rẹ̀. Lásìkò náà, Rùkáyàt ọmọ Alfa Bàṣírù ní Ṣakí ló ń fẹ́ sọ́nà. Àyúbà ti lé lógójì ọdún. Ìyá rẹ̀ ti gbàdúrà ìyàwó fún un títí ohùn fi há.

Ó lọ bá Florence tó ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀yọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti tọ́jú òdòdó nínú ilé rí?"

"Kí ló ṣòro níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀já ìkookò bẹ̀rẹ̀ nígbà náà." Ó nawọ́ sí èyí tí ewé rẹ̀ nípọn, tó nàró bí idà. "Bí ẹ gbàgbé omi rẹ̀ fún oṣù kan, kò ní bínú. Bí oòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní bínú. Ẹ ṣáà má fi omi pa á."

Àyúbà yọ ṣùtì. "Èyí tó hù lẹ́yìn ilé bàbá mi, tí ewúrẹ́ ń wò tó ń kọjá lọ, òun ni kí n gbé sí pálọ̀? Tọ̀hún yẹn ni kó o fún mi." Èyí tí ewé rẹ̀ rí wínníwínní bí ìyẹ́ adìẹ, tó ń rọ̀ yí ìkòkò ká, ló nawọ́ sí.

"Ìyẹn kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Inú igbó tútù ló ti wá, ọyẹ́ sì ti ń bọ̀."

"Ọyẹ́ ò mọ ọ̀nà pálọ̀ mi."

Florence dì í fún un.

Ká ní ó gbé e délé tó dákẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá sàn. Àyúbà kẹ̀? Ó gbé e ka orí rọ́ọ̀gì funfun, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi sórí Wọ́sáàpù, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọkùnrin tó bá lè tọ́jú irú èyí ló lè tọ́jú ìyàwó.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ṣakí. Ó dùn mọ́ ìyá Rùkáyàt nínú. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ràn aláròyé, ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. A ó lọ wo òdòdó ọ̀hún. Bó bá wà láàyè, mo fún un lọ́mọ. Bó bá ti kú, kó wá ìyàwó lọ síbòmíràn."

Rùkáyàt pè é lórí fóònù, ó sọ fún un. Àyúbà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ni ọyẹ́ bá dé. Ọyẹ́ Òkè-Ògùn tí ń la ètè, tí ń la gìgísẹ̀. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n létí. Àyúbà ní ohun òyìnbó ni, òtútù ló ń wá, ló bá ń bu omi fíríìjì sí i, ó sì tan fáànù kọjú sí i tọ̀sán-tòru. Ẹ gbọ́ ná, kí lẹni tó ń sá èlùbọ́ ń ṣe tó ju ìyẹn lọ? Nígbà tí ọjọ́ àlejò kù sí dẹ̀dẹ̀, ewé ti dà bí áṣáà. Bí èèyàn bá húkọ́ nítòsí rẹ̀, á wọ́ sílẹ̀.

Ṣé ó padà sọ́dọ̀ Florence? Ojú tì í. Ọ̀dọ̀ Jẹ́ẹ́dé ló lọ, ahunṣọ tó ń pa òwú aṣọ òkè rẹ̀ láró fúnra rẹ̀.

"Jẹ́ẹ́dé, fún mi ní aró aláwọ̀ ewé díẹ̀."

"Ṣé òwú lẹ fẹ́ pa ni, Bọ̀ọ̀dá? Tẹ́ ẹ bá pa á tán, kí omi má baà ṣí i, ẹ rí i pé ẹ fi iyọ̀..."

Àyúbà ti gbé aró dé ẹnu ọ̀nà.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ní ewé kọ̀ọ̀kan. Ó tutù ju èyí tí Ọlọ́run dá lọ. Ọwọ́ òun náà di aláwọ̀ ewé dé ọrùn ọwọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, inú apá agbádá ló kó ọwọ́ sí ní mọ́ṣáláṣí. Bí wọ́n bá nawọ́ sí i pé kó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, á máa mi orí bí alángbá.

Àwọn àlejò dé lọ́jọ́ kejì: bàbá, ìyá, àti Rùkáyàt fúnra rẹ̀.

"Máṣàálláhù," ni ìyá Rùkáyàt wí. "Ẹ wo bó ṣe tutù yọ̀yọ̀."

Alfa Bàṣírù fín imú. "Kí ló ń rùn bí agbo ilé aláró?"

"Òórùn òdòdó náà ni, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rùn lókè òkun."

Àkókò ìrun Alásárì tó. Alfa jáde lọ ṣe àlùwàlá, ó sì padà wọlé tòun ti búútà tí omi ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀.

"Ọmọ yìí tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́. Jẹ́ kí n bá ọ fún un lómi."

"Bàbá, ó ti mu lówùúrọ̀."

"Nínú ọyẹ́ yìí? Èmi tí mo mu omi lówùúrọ̀, ṣé òùngbẹ ò tún gbẹ mí ni?"

Ó da omi lé e lórí. Aró ṣí. Ó ṣàn gba ara ìkòkò, ó ṣàn dé orí rọ́ọ̀gì funfun, ó sì gba ibẹ̀ dé etí jalámíà funfun tí Alfa fẹ́ fi kírun. Ewé tó ṣẹ́ kù lórí ìkòkò pọ́n bí áṣáà. Ìyá Rùkáyàt di ọ̀kan mú kó lè wò ó dáadáa, ó rún wómúwómú sí i látẹ́lẹwọ́.

Àyúbà tètè dá sí i. "Ó ń pàwọ̀ dà ni. Tòkè òkun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó nawọ́ kó bá Alfa gbá etí aṣọ sókè, ó gbàgbé pé ọwọ́ ọ̀hún ṣì tutù bí ewé ẹ̀fọ́. Alfa wo ọwọ́ náà títí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Rùkáyàt, dìde ká máa lọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ wa bá ṣàìsàn nínú ilé yìí, àtíkè ni ọkùnrin yìí yóò fi kùn ún, yóò sì ní ká wá wo bí ara rẹ̀ ṣe ń dán."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Rùkáyàt ti wọ bàtà.