Olú Tó Ní Eegun

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ohun tí ẹnu bá jẹ ní kọ̀rọ̀, àwọ̀ ni yóò rò ó ní gbangba"? Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí ara bá ń yún, kó tètè họ ọ́ tán, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kò fẹ́ gbúròó èékánná ẹnikẹ́ni.

Ẹnu ọmọ kékeré ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé àwo jáde láti yàrá bàbá rẹ̀, ó dúró síwájú ìyá rẹ̀ tó ń já ewé ṣọkọ, ó ní:

"Ìyá mi, ṣé olú máa ń ní eegun ni?"

Ìyá rẹ̀ dáwọ́ dúró. "Olú wo?"

"Olú inú àjẹkù Bàbá mi." Ó la ọwọ́. Eegun kékeré kan wà níbẹ̀, ó funfun, ó mọ́ tónítóní bí ohun tí wọ́n fi tọkàntọkàn lá.

Ìyá Àwẹ̀ró wo eegun títí. Ó bi ìyá ọkọ rẹ̀ tó wá kí wọn. Ìyá Àgbà ní ọmọ tí wọn kò bá fún ní ẹran jẹ, kò sí ibi tí ojú rẹ̀ kò ti ní í máa rí eegun. Wọ́n bi Baálé agbo-ilé, tó ti ń jẹ olú láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú. Baálé ní òun kò tíì bá èyí tó ní eegun pàdé, ṣùgbọ́n ayé ti yí padà, kí wọ́n má fi ohunkóhun búra.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí olú ṣe dé ipò ẹran nínú ilé yìí. Láníhùn ni bàbá Àwẹ̀ró. Láti kékeré ni àléfọ́ ti ń bá a gbé: oríkèé apá, ẹ̀yìn orúnkún, ọrùn. Nígbà tí ó wá bí Àwẹ̀ró, ọmọ náà fi imú jọ ọ́, ó fi ẹ̀rín jọ ọ́, ó sì fi àléfọ́ jọ ọ́. Àléfọ́ kì í tètè pani, oorun ni ó máa ń pa. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, Ìyá Àwẹ̀ró a dùbúlẹ̀, a na etí, a sì máa gbọ́ èékánná ọmọ rẹ̀: kẹrẹ-kẹrẹ, kẹrẹ-kẹrẹ. A fi aṣọ tó rọ̀ wé ìka ọmọ, a máa fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i lápá títí ojú rẹ̀ yóò fi máa pòòyì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, aṣọ ti bọ́ sápá kan, ẹ̀jẹ̀ sì wà lórí ẹní.

Nígbà tó sú u, ó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ Màmá Jẹ́nríyìn, arúgbó kan tó ń tọ́jú ara.

"N kò ní òògùn tí yóò lé e lọ," ni Màmá Jẹ́nríyìn wí, "ẹni tó bá sì ní òun ní in, ẹ di àpò yín mú. Ṣùgbọ́n mo ti rí ara tó ń bá oúnjẹ jà. Ẹ fi ẹran sílẹ̀ ná, ẹ fi ẹja, edé àti ẹyin sílẹ̀. Ẹ máa jẹ ewé, ẹ̀wà, èso àti olú. Ẹ máa fi àdín pa ara. Kí ẹ wá máa wo àwọ̀ yín. Àwọ̀ kì í purọ́."

Ilé náà gbà. Kí oṣù tó lé, ọrùn Àwẹ̀ró ti ń dán. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà sùn dé òwúrọ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ó jí ìyá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ sí i nímú wò bóyá ó ń mí.

Ara Láníhùn náà rọ̀. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí àwọn ọkùnrin kan wà, bí ẹ bá ti yìn wọ́n fún ìfaradà, ìfaradà náà tán. Láníhùn di oníwàásù ewé. Bó bá rí ẹni tó ń jẹ ẹran lójú ọ̀nà, a dúró tì í.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé ara yín lẹ ń jẹ yẹn?"

"Láníhùn, ẹran ewúrẹ́ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń wí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ti ìwàásù bọ̀, ó gba ẹ̀yìn ahéré Ọdẹ́jọbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọdẹ́jọbí ń yan òkété lórí ààrò. Èéfín náà jáde, ó fa Láníhùn ní imú bí ẹni fa ewúrẹ́ ní okùn. Ó wọlé láti lọ wàásù. Nígbà tí ó jáde, ètè rẹ̀ ń dán ju ọrùn ọmọ rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń fi ewé wé òkété, a fi í sábẹ́ fìlà, a gbé e wọlé. Àwọn eṣinṣin ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ìjọ. Bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé ní ayé ìgbà náà, bàbá kì í bá ọmọ jẹun. Yàrá rẹ̀ ni yóò ti dá jẹun, ohun tó bá sì kù sí ìsàlẹ̀ àwo, ti ọmọ tó gbé oúnjẹ wá ni. Láníhùn a ti ilẹ̀kùn, a tẹ òkété bọ inú ẹ̀fọ́, a jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí bàbá rere tó lè jẹ ẹran tán láì ṣẹ́kù fún ọmọ. Ó ṣẹ́kù fún Àwẹ̀ró. Ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ òmùgọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ni.

"Olú ni," ló sọ fún ọmọ náà.

Ọmọ tó ti pẹ́ tó jẹ ẹran gbẹ̀yìn gbà á lólú, títí ó fi kan eegun.

Nígbà tí Ìyá Àwẹ̀ró wá gbé eegun náà dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, Láníhùn kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Háà, Ìyá Àwẹ̀ró! Olú tó bá hù lórí ìrókò, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa le bí eegun. Ṣé ẹ kì í jẹ ẹ́ nílé yín ni?"

Ojú ti obìnrin náà nítorí ilé wọn, ó gbà á gbọ́. Ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Ẹni tí kò bá tíì fi òru ṣọ́ èékánná ọmọ kò mọ bí ó ṣe ń wu èèyàn tó láti gba ohun tí kò ní í da ilé rú. Láníhùn wá pe ọmọ sí kọ̀rọ̀: "Bí o bá tún rí eegun, má yọ ìyá rẹ lẹ́nu mọ́. Gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé. Olú mìíràn yóò hù."

Kò pẹ́, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún bàbá àti ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ padà sórí ẹní. Ìyá Àwẹ̀ró ro gbogbo ohun tó ń sè, ó mú olú kúrò. Ara ń yún wọn. Ó mú ata kúrò. Ara ń yún wọn. Ó mú irú kúrò, ó mú epo kúrò, níkẹyìn ó mú iyọ̀ kúrò, ẹ̀fọ́ wá dà bí ohun tí òjò fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Bí ọbẹ̀ bá ṣe ń tẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni Láníhùn ń ya ahéré Ọdẹ́jọbí sí i. Bó bá ṣe ń yà síbẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ara ń yún wọn sí i. Bí ara bá sì ṣe ń yún wọn, ìyàwó rẹ̀ tún ń wá ohun tí yóò yọ nínú ọbẹ̀. Omi nìkan ló kù tí kò tíì fura sí.

Ìyá Àgbà kò dákẹ́. Òkè-Àpárò ni ó ti wá, kò sì padà. Aṣọ alápá gígùn ni ó máa ń wọ̀, ooru ìbáà mú.

"Ìyàwó, ṣé ewúrẹ́ lo bí fún mi ni, tí o fi ń já ewé fún un láàárọ̀ lálẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi, ara rẹ̀ ni mò ń tọ́jú."

"Ara wo? Kò sí àléfọ́ ní ìdílé mi! Ìwọ lo gbé e wọlé."

"Ìyá mi, ọkọ mi ti ní in kí ó tó fẹ́ mi."

"Àléfọ́ náà ti ń retí rẹ ni."

Ó sọ ọ́ títí ó fi pe ẹbí jọ sí ojúde Baálé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: bí ewé yìí kò bá ṣiṣẹ́, òun yóò mú Àwẹ̀ró lọ sí Òkè-Àpárò, níbi tí ọmọ yóò ti máa jẹ ẹran bí ọmọ èèyàn. Ìyá Àwẹ̀ró wo apá ọmọ rẹ̀. Ta ni yóò fẹ́ atẹ́gùn sí i lápá ní Òkè-Àpárò?

"Bàbá Àwẹ̀ró," ló sọ ní àárọ̀ ìpàdé, "ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi."

"Fọkàn balẹ̀," ni Láníhùn wí. Ó sì yà sí ahéré Ọdẹ́jọbí láti lọ fi nǹkan di inú mú kó tó jẹ́rìí. Ó jẹ òkété. Ó tún fi edé ẹ̀kúnwọ́ lé e.

Nígbà tí ẹbí pé, ó dìde, ó tún fìlà dé. "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ewé, ẹran kò kan ètè mi." Ó họ ọrùn. "Ara mi tutù bí omi àmù." Ó fara ti òpó, ó ń fi ẹ̀yìn gbo ó lọ sókè sódò. "Oorun ń… ẹ jọ̀ọ́, ta ló súnmọ́ mi, kó bá mi họ àárín ẹ̀yìn yìí!"

"Bọ́ ẹ̀wù," ni Baálé wí.

Ó fi ọwọ́ kan di fìlà mú, ó bọ́ ẹ̀wù. Ara rẹ̀ ti lé wúruwùru láti ọrùn dé ìdí, ó pọ́n, ó wú, ó dà bí ilẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ tú.

"Ẹ wá wo iṣẹ́ ewé!" ni Ìyá Àgbà kígbe. "Ìyàwó, lọ di ẹrù ọmọ!"

Ìyá Àwẹ̀ró wo ọkọ rẹ̀. "Bàbá Àwẹ̀ró, wí nǹkan."

Láníhùn wo òkè. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Bóyá… bóyá tẹ̀tẹ̀ àná ni."

Ẹ gbọ́ ọ. Ọkùnrin tó wàásù fún gbogbo ìlú, tẹ̀tẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi omijé sè ni ó fi bo òkété mọ́lẹ̀. Obìnrin náà dìde. Ó wọlé, ó di ẹrù ọmọ. Ó fi aṣọ ìka sí i, ó fi àdín sí i, ó gbé e jáde.

Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. "Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa bomi rin olú mi?"

"Olú wo, ọmọ mi?" ni Baálé béèrè.

"Olú eléegun Bàbá mi! Mo ti gbin púpọ̀. Ẹ wá wò ó!"

Láníhùn ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, kí wọ́n má dá a lóhùn, ṣùgbọ́n gbogbo ẹbí ti dìde. Ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn igi ìbẹ́pẹ, wọ́n rí oko kan. Wọ́n kọ ebè rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, omi àárọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Eegun ẹsẹ̀ wà lórí ebè kan. Eegun ìhà wà lórí òmíràn. Orí òkété odindi ló wà ní ìparí, ó ń wo àwọn àgbà.

Àwẹ̀ró nawọ́ sí i pẹ̀lú ìdùnnú. "Èyí ló dàgbà jù. Ó ti hu eyín!"

Ọdẹ́jọbí, tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí ìpàdé, ló kọ́kọ́ họ orí. "Láníhùn, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọdẹ. Ṣùgbọ́n n kò tíì yìnbọn fún olú rí."

Láníhùn mọ̀ pé ó ti tán. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bẹ àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ta ló ń dé fìlà bẹ àgbà? Ó ṣí fìlà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò ejò. Òkété tó fi pamọ́ de alẹ́ já bọ́ sílẹ̀ níwájú Baálé pẹ̀lú ewé rẹ̀. Àwọn eṣinṣin kí gbogbo ẹbí.

Ìyá Àgbà lọ́ ọmọ rẹ̀ létí. "Aláìnítìjú! Ohun tí ẹnu rẹ jẹ ní kọ̀rọ̀, àwọ̀ rẹ ti rò ó ní gbangba! O fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀." Ó ṣa òkété náà nílẹ̀, ó fi ìbínú dì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n lọ jù ú nù. N kò sì lọ sí Òkè-Àpárò mọ́. Èmi fúnra mi ni n ó máa ṣọ́ ilé yìí."

Ìyá Àwẹ̀ró tú ẹrù ọmọ. Láti ọjọ́ náà, ìta gbangba ni wọ́n ń gbé oúnjẹ Láníhùn sí, láì dé fìlà. Irú padà sínú ọbẹ̀, ata padà, epo padà, olú gidi padà. Díẹ̀díẹ̀, àléfọ́ náà rọlẹ̀. Kò kó ẹrù lọ o. Ó kàn fìdí mọ́ igun kan, ó dákẹ́. Ọmọ ń sùn. Bàbá ń sùn.

Ní òru ọjọ́ kan, Ìyá Àwẹ̀ró nìkan ni kò rí oorun sùn. Ó ń na etí lórí ẹní, torí ó ṣì ń gbọ́ ọ: kẹrẹ-kẹrẹ, kẹrẹ-kẹrẹ. Ó fọwọ́ kan ọmọ. Ọwọ́ ọmọ dúró jẹ́ẹ́. Ó fọwọ́ kan ọkọ. Ọkọ ń hanrun. Kẹrẹ-kẹrẹ. Orí ẹní Ìyá Àgbà ni, lábẹ́ aṣọ alápá gígùn. Afẹ́fẹ́ sì fẹ́ wá láti igun yẹn, ó ń rùn bí ahéré Ọdẹ́jọbí.

Nínú òkùnkùn, ohùn kékeré kan tí oorun ti mú dé ìdajì béèrè pé: "Ìyá Àgbà, ṣé ẹ̀yin náà jẹ olú ni?"

Èékánná náà dákẹ́ lójijì. Ìyá Àwẹ̀ró fi aṣọ di ẹnu ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi gbé e sùn. Ìdí nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ohun tí ẹnu bá jẹ ní kọ̀rọ̀, àwọ̀ ni yóò rò ó ní gbangba. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú jù fún àwọ̀, èékánná yóò bá a rò ó. Ẹ rọra máa lọ. Gbogbo ilé ti sùn.