Òjé Nínú Omi Tíì Àlàájà

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ohun tí ojú mi ti rí ní Chicago, mi ò lè gbàgbé ọ̀sán Sátidé kan nílé Àlàájà ní àdúgbò West Ridge. Inú ń bí mi lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ti yẹ omi ẹ̀rọ ilé náà wò, òjé wà nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó ta kókó ni wọ́n fi sọ ọ́ fún Àlàájà, ìyá àgbàlagbà, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Omi yẹn náà ni Àlàájà ṣì fi ń po mílíìkì fún ọmọ-ọmọ wọn tí kò tíì rìn. Ìyá ọmọ náà, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, ti bẹ̀ wọ́n títí, ó rẹ̀ ẹ́. Ó wá rán mi sí wọn, nítorí èmi ni mo máa ń kọ̀wé pé kò sí ọ̀rọ̀ ìlera tí Yorùbá kò lè gbé.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, ife tíì ti dé iwájú mi. Ta ni yóò kọ ohun tí ẹni tó tó ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn gbé wá? Mo mu ún. Wọ́n bu òmíràn, mo tún mu ún. Ìgbà náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

"Irin rírọ̀ ni òjé, Mà. Òun ni wọ́n fi ṣe àwọn páìpù àtijọ́. Ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi, ẹnu kì í tọ́ ọ wò mọ̀, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bàjẹ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Purofẹ́sọ̀. Omi wo lo wá mu tán yẹn?"

Mo rọra ti ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àlàájà rẹ́rìn-ín. "Mo ti sè é, jàre. Kí ló wà nínú omi tí iná ò lè pa?"

"Kòkòrò ni iná ń pa, Mà. Òjé ò ní ẹ̀mí tí iná máa gbà."

"Nínú ìwé yín nìyẹn."

Ó dùn mí wọnú egungun. Mo bu omi sínú ìkòkò kékeré kan, mo da iyọ̀ sí i, mo gbé e kaná, kí wọ́n lè tọ́ ọ wò tó bá hó, kí wọ́n rí i pé iyọ̀ ò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fún irú mi láàyè láti sọ̀rọ̀. Mo bú àwọn onílé tí kò pààrọ̀ páìpù, mo bú àwọn òṣìṣẹ́ ìlú, mo bọ́ sórí àwa ọ̀mọ̀wé tí a ń fi ìmọ̀ pamọ́ sínú èdè àjèjì. Ibẹ̀ ni mo wà tí ẹ̀rọ tó máa ń ké bí èéfín bá yọ nínú ilé fi figbe ta. Ọmọ jí, ó fi igbe tirẹ̀ kún un. Aládùúgbò ń gbá ilẹ̀kùn. Ọwọ́ ìkòkò, tí í ṣe ike, ti ń yọ́. Ọwọ́ lásán ni mo fi gbé e kúrò lórí iná, mo sì pariwo ju ọmọ náà lọ.

Àlàájà gbé ọmọ lé èjìká, wọ́n wá wo inú ìkòkò. Kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀ mọ́. Iyọ̀ funfun ló lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.

Wọ́n fi ṣíbí họ iyọ̀ náà. "Omi ló lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Iyọ̀ ò lọ."

"Kò lọ, Mà. Bí òjé náà ṣe ń ṣe nìyẹn."

Wọ́n mú ìgò mílíìkì ọmọ, wọ́n dà á nù. "Mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ẹ. A ó lọ ra asẹ́ tó ń yọ òjé, ká tó fún ọmọ yìí ní nǹkan kan."

Láti ọjọ́ náà, kí n tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ wá ohun tí ojú lè rí. Inú ṣì ń bí mi sí àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọmọ ní èdè tí ìyá rẹ̀ àgbà kò gbọ́. Àmọ́ mo máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bó, pé nínú gbogbo gírámà tí mo tú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìkòkò tí mo gbàgbé sórí iná ló là á yé wọn.