Oyún Tánganran

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé láyé mi, bí mo tilẹ̀ fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ti bodè pa ni. Tíṣà ni mí ní Ayétòrò nígbà náà, n kò tíì lọ́kọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ará Kétu, lápá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Látìgbà tí bodè ti pa, a ò fojú kanra mọ́. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí àwọn ẹbí ìyá wa ní Ìjọ̀un, mo bá ẹ̀bùn tó fi rán ẹnì kan sí mi níbẹ̀: ife tánganran funfun kan tí wọ́n ya òwìwí sí lára. Kì í ṣe yíyà eré o. Irú àwòrán inú ìwé àtijọ́ tí àwọn òyìnbó fi ń kọ́ nípa ẹyẹ ni. Ìyẹ́ rẹ̀ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, èékánná rẹ̀ di ẹ̀ka igi mú, ojú rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀ rekete bí ojú ẹni tó mọ àṣírí èèyàn. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ lédè Faransé. Mo gbá a mọ́ àyà, omi sì fẹ́ bọ́ lójú mi.

Níbi tí a ti ń dúró kí ọkọ̀ Ayétòrò kún ni èrò kan ti ní, "Ohunkóhun tí wọ́n bá ti kọ Faransé sí lára, àwọn agbófinró ojú ọ̀nà á gbà á. Wọ́n á sì gbé ẹni tó ni ín."

Mo ro ti ọ̀gá iléèwé wa, mo ro ti bàbá mi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ àgọ́ ọlọ́pàá rí. Mo yà sẹ́yìn ilé kan, mo fi gèlè wé ife náà, mo fi ọ̀já dì í mọ́ ikùn, mo da búbá bò ó. Nígbà tí mo jáde, oyún oṣù mẹ́fà ló wà lára mi. Mo tún fọwọ́ ti ìbàdí, mo ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Ọlọ́gbọ́n èmi!

Níbi ìdènà àkọ́kọ́, wọ́n ń yẹ àpò wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, agbófinró náà ní, "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ìyá. Ọlọ́run á sọ̀ yín kalẹ̀ láyọ̀." Mo ṣe àmín, mo tún fọwọ́ ti ìbàdí.

Màmá àgbà tó jókòó tì mí ló wá di ìdààmú mi. Agbẹ̀bí ni ní Ìmàṣàyí, ó ní òun ló gbẹ̀bí dẹ́rẹ́bà gan-an tó ń wà wá. Kí n tó mọ̀, ó ti gbọ́wọ́ lé ikùn mi. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ mi, ìgbà wo ni ọmọ yìí ti mira gbẹ̀yìn?"

"Ó... ó mira láàárọ̀, Màmá."

"Irọ́ ni! Orí rẹ̀ le bí òkúta. Ó fẹ̀gbẹ́ sùn, apá rẹ̀ kan sì kákò bí ìkọ́!"

Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ já sí kòtò. Ọwọ́ ife gún mi níhà, mo pariwo, "Yéè!" Màmá fi igbe bọnu: "Dẹ́rẹ́bà, dúró! Ó ti ń rọbí!" Ibo ni dẹ́rẹ́bà wá dúró sí? Iwájú ìdènà kejì.

Àwọn agbófinró sáré wá. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi kajú, àwọn obìnrin inú ọkọ̀ faṣọ ṣe ìbòjú. Mo ní ara mi ti yá. Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń wí. Ó kiwọ́ bọ abẹ́ búbá mi, ó tú ọ̀já, gèlè bọ́ sílẹ̀, ó fa ife jáde. Òwìwí ranjú mọ́ ọn.

"Ẹyẹ!" Màmá ju ife nù. "Ẹyẹ ló wà nínú ẹ̀! Ẹ gbà mí o!"

Ẹ̀yin náà mọ irú obìnrin tí wọ́n máa ń sọ pé ẹyẹ wà nínú rẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, mo ti kúrò ní onífàyàwọ́, mo ti di àjẹ́. Dẹ́rẹ́bà ti wà lẹ́yìn igi. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀, ó ṣa òkúta. Ẹ̀rù tó bà mí lójú òkúta yẹn, n kò lè fẹnu sọ ọ́. Mo ń pe orúkọ ìyá mi tó ti kú.

Ọ̀gá àwọn agbófinró ló mú ife náà nínú koríko. Kò fọ́. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ìyáàfin, kí lèyí?"

Mo kúnlẹ̀. "Ife tíì ni, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì mí mọ́lé."

"Nítorí ife kan ṣoṣo? Ìrẹsì là ń wá!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dọwọ́ bo ojú. Ọkùnrin olókùúta sọ òkúta rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ kò rìn jìnnà sí i.

Màmá ní òun ò ní bá mi wọ ọkọ̀ kan náà àfi tí mo bá fi ife náà mumi. Wọ́n bu omi sí i. Ìdajì dà sí mi láyà, mo mu ìyókù, gbogbo wọn sì ń wo òwìwí bóyá yóò ṣẹ́jú. Kò ṣẹ́jú. Màmá mí kanlẹ̀, ó gbá mi léjìká. "Ọmọ burúkú. Díẹ̀ ló kù kí o pa mí." Ìgbà yẹn làwọn èrò tó rẹ́rìn-ín, wọn ò sì dákẹ́ títí a fi dé Ayétòrò.

Ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí èèyàn bá ti ń fi pa mọ́, á máa rìn bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ká ní ọwọ́ ni mo fi mú ife yẹn, ta ni ìbá wò ó lẹ́ẹ̀mejì?

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ròyìn fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìkòkò tíì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi o. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí bodè ná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni."