Màmá Ti Bá Àràmídé Jẹ Ẹ́

Ọ̀la ni eré kìlómítà márùn-ún tí wọ́n fẹ́ fi yan àwọn ọmọ tó máa ṣojú ìpínlẹ̀. Kóòṣì Láníyì gun ọ̀kadà láti Ọ̀wọ̀ wá sí Isuada nínú ọyẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tí Àràmídé ń jẹ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù nínú àwọn ọmọ mẹ́fà tó ń kọ́. Ó bá Màmá Bóníféèsì, ìyá bàbá ọmọ náà, nídìí ààrò. Ara màmá ń dán bí ẹni tí wọ́n fi epo pa lára.

"Màmá, ẹ kúuṣẹ́ o. Ìwé oúnjẹ tí mo fún Àràmídé ńkọ́?"

"Ó wà lára ògiri. Gbogbo ẹ̀ la tẹ̀ lé, kò yẹ̀."

"Ẹyin méjì láàárọ̀?"

"Ó wọlé."

"Ẹ̀wà?"

"Ó wọlé. Iyán náà wọlé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ ló fẹ́ pọ̀ díẹ̀, àmọ́ mo fi omi tì í."

Inú kóòṣì dùn, ó jókòó lórí àpótí láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ìgbà yẹn ni Àràmídé yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó di ìlẹ̀kùn mú, ó kí i wúyẹ́wúyẹ́, ó tún wọlé padà.

"Yéè! Màmá, kí ló ṣe ọmọ yìí?"

"Ààwẹ̀ ni. Ọjọ́ kẹta rèé. Ọsàn kan ló fi ń ṣínu láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àbí ẹ fẹ́ kó lọ síbi eré ńlá báyẹn lófo, láìsí àdúrà?"

"Ta ló wá jẹ ẹyin?"

"Èmi ni. Mo bá a jẹ ẹ́."

Kóòṣì káwọ́ lérí.

"Wọn kì í báni jẹun, Màmá! Ẹnu ọmọ ni oúnjẹ ń gbà dé ẹsẹ̀ ọmọ!"

"Nígbà tí Bóníféèsì ń ṣèdánwò n'Íbàdàn, ta ló gbààwẹ̀? Èmi ni, ní Isuada níbí. Ṣé kò yege?"

"Ó yege, àmọ́..."

"Ààwẹ̀ tí mo fi ikùn yìí gbà dé Ìbàdàn. Iyán tó wà nínú ikùn kan náà ni kò wá ní í dé pálọ̀?"

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi kọ́ kóòṣì nípa oúnjẹ eléré ìdárayá l'Ákùúrẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀kọ́ náà fún màmá.

"Ọmọ tó ń dàgbà, tó tún ń sá kìlómítà mẹ́jọ lójúmọ́, ìlọ́po méjì ló yẹ kó jẹ. Kí egungun ẹ̀ lè le, kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ má bàa gbẹ. Á dákú sójú ọ̀nà lọ́la, Màmá!"

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jẹ ìlọ́po méjì. Ẹ má rò pé ó rọrùn o! Lánàá, omijé ń bọ́ lójú mi lórí òkèlè tó kẹ́yìn. Ìfẹ́ ọmọ ni."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá a sáré lọ́la náà ni?"

Màmá dìde, ó sán aṣọ mọ́dìí, ó sáré yí kànga po lẹ́ẹ̀mejì. Kò mí hẹlẹhẹlẹ.

"Oúnjẹ yín yìí mà dáa o, Kóòṣì! Orúnkún tó ń dùn mí láti èṣí ti jáwọ́."

Tí ọmọ yìí bá ṣubú lọ́la, ìdánrawò ọdún méjì ti wọgbó nìyẹn. Kóòṣì ronú títí, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá a gba ààwẹ̀ náà. Kó jẹun báyìí, kí ẹ̀yin náà sinmi."

Omi lé ròrò sójú màmá.

"Kóòṣì! Ọlọ́run á gbé yín ga! Ṣé ẹ gbà á tọkàntọkàn?"

"Tọkàntọkàn. Ó ṣáà ku ti òní nìkan."

"Ti òní báwo? Ààwẹ̀ kì í lábọ̀. Ẹni tó bá gbà á, láti orí ló máa bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ mẹ́ta."

Kóòṣì wo ìkòkò ẹ̀wà, ó gbé itọ́ mì.

"Mo gbà."

Màmá bu ẹ̀wà gbé wọlé fún Àràmídé, ó jáde pẹ̀lú fóònù létí.

"Ìyá Bright, ẹ gbé ìkòkò kaná o! Kóòṣì ti gbà á! Ẹ sọ fún àwọn yòókù."

"Màmá, àwọn yòókù wo?"

"Ìyá àwọn ọmọ márùn-ún yòókù tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ sáré. Gbogbo àwọn ọmọ náà ló jọ ń gbààwẹ̀ ọ̀hún. Ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta péré ni, ẹ ṣáà máa tò ó tẹ̀ léra. Ẹ má mikàn, Kóòṣì, ẹ ó kúkú bá wa jẹ ìrẹsì Kérésì."