Alùpùpù Orest Kọ̀, Kò Jí

Ní ìlú kékeré wa ní Manitoba, ní Kánádà, oṣù mẹ́fà gbáko ni alùpùpù fi máa ń sùn nítorí òtútù. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ sùn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa.

Orest Hnatiuk lorúkọ rẹ̀. Àwa ará ìlú fi oríkì kún un: Adíhò-má-ṣì, ọ̀tá eku, baba bátìrì. Ó gbà á pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ díẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá, kí ilẹ̀ tó dì, ó wọ gáréèjì wa lọ́kọ̀ọ̀kan. A ò pè é. Ó ní ká bu oògùn sínú epo kó má bàa bà jẹ́, ká gbé bátìrì wọlé, ká fi nǹkan dí ẹnu sàlẹ́ǹsà, nítorí ilé ni eku máa ń fi ibẹ̀ ṣe.

"Alùpùpù tó bá sùn láìpanu dé," ó ní, "eku ni yóò bá a jí."

Ó dúró tì wá títí a fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé tirẹ̀ nìkan ni nǹkan ò ti lọ déédéé. Ìbọ̀sẹ̀ pupa onírun àgùntàn tí Darka ìyàwó rẹ̀ hun fún un ló ku ẹyọ kan. Jálẹ̀ ìgbà òtútù, Orest ń sọ fún gbogbo àlejò pé obìnrin tí kò lè tọ́jú ìbọ̀sẹ̀ méjì, kí a má fi ṣọ́ alùpùpù. Darka ń gbé ẹyọ tó kù kiri nínú báàgì rẹ̀, bóyá ó máa rí èkejì nílé ẹnìkan.

Ní oṣù karùn-ún, Fada Bohdan máa ń wọ́n omi mímọ́ sí àwọn alùpùpù níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ká tó gùn wọ́n yí ìlú ká. Ọdún mẹ́sàn-án ni Orest ti ń ṣíwájú. Lọ́dún tó kọjá, alùpùpù Petro tíṣà kọ̀, Orest sì ṣòfin lójú ẹsẹ̀: ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò bá dún kí Fada tó ṣe àmín, inú apẹ̀rẹ̀ irin tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù Màmá Stefka ni yóò jókòó sí, lẹ́yìn gbogbo wa, kó gbé ìkòkò pírógì, oúnjẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ọ̀dùnkún sínú rẹ̀, lé itan. Petro gbé e. Orest ya fọ́tò rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́dún yìí, gbogbo wa ti dán tiwa wò nílé. Orest ní ẹni tó mọṣẹ́ kì í yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Orí tírélà ló gbé tirẹ̀ wá. Ó ti nu sàlẹ́ǹsà rẹ̀ títí ó fi ń rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Fada bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹ́ńjìnnì tiwa dún. Orest tẹ tirẹ̀. Ó yí, ó yí, kò dáhùn.

Ó ní epo tí wọ́n tà fún òun kò dára. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó fẹ́ ẹ, ó dá a padà. Ó ní omi mímọ́ ti pọ̀ jù. Fada, tó mọ òfin náà, rọra ń pe orúkọ àwọn ẹni mímọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Màmá Stefka, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ní kó wo ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣọ́ ìkòkò yín," Orest dáhùn. "Èmi ni mo kọ́ ará ìlú yìí níṣẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́ títí bátìrì fi kú. Àwọn ẹni mímọ́ pàápàá tán lẹ́nu Fada.

"Àmín," ni Fada wí.

Darka ló rìn lọ sẹ́yìn alùpùpù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka méjì bọ ẹnu sàlẹ́ǹsà, ó sì fà. Nǹkan pupa jáde, ó gùn bí ahọ́n. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú èkejì jáde, ó fi wọ́n wéra.

"Bàbá Larysa," ó sọ fún ọkọ rẹ̀, "eku kankan ò wọlé."

Orest ṣàlàyé pé òfin náà kò kan ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Bátìrì ṣe kẹ́. Màmá Stefka gbọn eruku orí ìjókòó apẹ̀rẹ̀ náà fún un.

Petro ló ṣíwájú. Lẹ́yìn pátápátá, Orest jókòó pẹ̀lú akoto aláwọ̀ wúrà rẹ̀, ó ń ráhùn pé ìkòkò yìí gbóná, etí rẹ̀ kò ṣeé dì mú.

Darka na ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì sí i.